Oníṣòwò gẹdú fẹ́ ra ìrókò àti arère ilẹ̀ ẹbí wa: ta ló ń pa igbó gan-an?

Káfíńtà Òkè-Baálẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, aago 9:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí nílé lóko. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo, ó sì ti lé ní 25 ọdún tí mo ti dá dúró. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ló gbé mi wá síwájú yín. Abà wa wà lójú ọ̀nà Ìbòkun. Bàbá bàbá wa gbin kòkó sí apá kan níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó náà sì ti darúgbó. Apá kejì, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, ẹnikẹ́ni kò dáko sí i rí lójú mi. Ìrókò méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú arère mẹ́fà, afàrà mẹ́rin, àti ọ̀gànwó kan tí a máa ń bó èèpo rẹ̀ fún ìyá wa àgbà láti fi ṣe àgbo. Oníṣòwò gẹdú kan ti tọ ẹ̀gbọ́n wa àgbà wá. Ó ní òun yóò ra gbogbo igi náà pọ̀, òun yóò sì san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹbí yóò pàdé lórí rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí.

N kò lè purọ́ pé a kò nílò owó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní yunifásítì, owó ilé-ìwé rẹ̀ kò tíì pé. Àbúrò wa obìnrin sì ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́. Èmi fúnra mi, pákó ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, pákó ìrókò kan tó fẹ̀ ní íńṣì 12 la fi ń ṣe àyà ilẹ̀kùn, ọ̀gá mi kì í sì í lẹ pákó pọ̀ rárá. Lónìí, íńṣì mẹ́fà ni mo ń rí rà, mo ní láti fi gọ́ọ̀mù lẹ méjì mọ́ra. Arère tí mo là lóṣù tó kọjá ṣì tutù débi pé omi ń yọ níbi tí ayùn gbà. Igi tí kò tíì dàgbà ni wọ́n gé, wọn kò sì ní sùúrù kó gbẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ètò kan lórí rédíò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní ohun méjì péré ló pa igbó ilẹ̀ wa: àìmọ̀kan àwọn àgbẹ̀, àti ọmọ tí wọ́n ń bí láìníye. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n n kò ní èsì tí mo lè fún un. Ta ló ń pa igbó gan-an? Kí sì ni mo lè sọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí kò ní dà bí ìwàásù létí ẹni tí owó ń pọ́n lójú?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ajé, aago 10:25 alẹ́

Káfíńtà wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ayùn tó dé ìdí igi. Mo kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì fún 31 ọdún, ohun tí ẹni orí rédíò yẹn sọ sì ni èmi náà ń kọ sójú pátákó fún wọn lọ́dún dé ọdún. Mo ti yí ọkàn padà lórí rẹ̀.

Àgbẹ̀ tó ń dá ẹgàn mọ igbó ju ẹni tó ń bú u lọ. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ẹgàn dúdú, pé koríko kò ní yọ òun lẹ́nu fún ọdún bíi méjì, pé àrùn kòkó kò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí ó bá fẹ́ tún kòkó gbìn sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti lò fún 40 ọdún, yóò ra ajílẹ̀, yóò ra oògùn, yóò san owó ìroko léraléra, yóò sì tún dúró fún ọdún bíi mẹ́ta sí márùn-ún kó tó rí èso. Ẹ̀bùn ni agbára tó wà nínú ilẹ̀ ẹgàn jẹ́ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kòkó fi ń ṣí kiri. Láti ìhà Agége àti Ìbàdàn ló ti gba Ìfẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà kọjá, tó wọ Oǹdó. Ní Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò láti ayébáyé, ààrẹ wọn ìgbà náà, Houphouët-Boigny, sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá fi ilẹ̀ dáko ló ni ilẹ̀. Àwọn ènìyàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, wọ́n wọ igbó, orílẹ̀-èdè náà sì di èyí tó ń pèsè kòkó jù lọ láyé, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ẹgàn rẹ̀ ti lọ. Ta ni aláìmọ̀kan nínú ìyẹn? Wọ́n ṣe ohun tí ìjọba àti ọjà ní kí wọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan èmi alára. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, láti ìgbà náà sì ni ohun tí a ń rí láti inú igbó àti oko ti ń rí ọ̀nà dé Èkó kíákíá. Owó tí ìgbìmọ̀ ọjà kòkó ń yọ sílẹ̀ nínú owó àgbẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ró láti 1955, òun náà ló wà nídìí Ilé Kòkó ní Ìbàdàn. Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ yẹn ni mo lọ. Igi tó wó ní Ìfẹ̀ àti ní Oǹdó ló rán mi níwèé, n kò lè wá jókòó lónìí kí n máa pe ẹni tó gé e ní òpè.

Ti ọmọ bíbí, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ẹnu púpọ̀ ń fẹ́ oúnjẹ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbó Amazon ní Brazil, àwọn ènìyàn kò pọ̀ rárá nígbà tí igbó bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ìjọba ológun ló la ọ̀nà ńlá gba àárín igbó kọjá ní àwọn ọdún 1970, ó pín ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ jókòó létí ọ̀nà náà, ó sì dín owó orí kù fún ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ da màlúù níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pa igbó ló lè fi hàn pé òun ń lo ilẹ̀, nítorí náà igi wíwó di ìwé ẹ̀rí. Màlúù ló gba ilẹ̀ jù lọ níbẹ̀ títí di òní.

Ọmọ Onígẹdú | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, iṣẹ́ gẹdú ni bàbá mi ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2016, èmi ni mo sì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ọkọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà nílé-ìwé gíga. Mo fẹ́ sọ ohun tí ẹni tó wá bá yín kò ní sọ.

Ẹni tó ni ilẹ̀ ni owó tirẹ̀ kéré jù. Bí a bá wọ inú igbó onígbó, ẹnìkan yóò máa bá baálé sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn yóò ti yí okùn ká ìdí igi láìpariwo, yóò sì ta kókó sínú okùn náà níbi tó pàdé. Ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń fi tépù wọn okùn náà dé ibi kókó yẹn nílé. A mọ iye pákó tó wà nínú igi kan kí a tó dá owó, onílẹ̀ kò mọ̀. Ìdí tí oníṣòwò fi ń fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá máa tà, ẹ tà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọn ìdí rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Owó tó kù, ojú ọ̀nà ló ń jẹ ẹ́. A ó san owó ìwé àṣẹ, wọn yóò lu òòlù ìjọba mọ́ ìdí gẹdú, a ó sanwó fún oní-ẹ̀rọ ayùn, fún àwọn tó ń yí i dé ojú ọ̀nà, fún ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé àwọn tó nà igi sójú títì. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wa nígbà tí ìwé wa pé, wọ́n sì ń gba iye kan náà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé kankan. Bàbá mi gba ìwé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wí fún mi pé, "Ẹni tó jí gé àti ẹni tó gba àṣẹ ń ná owó kan náà lọ́nà, kí ni mo wá ń ra ìwé fún?" Láti ọjọ́ yẹn, òru ni a ń rìn. N kò sọ ọ́ láti dá a láre. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ bí olóòótọ́ ṣe ń kúrò nínú òwò náà díẹ̀díẹ̀.

Ohun kejì ni pé igi kan kì í wó nìkan. Ìrókò ńlá yóò fa igi mẹ́wàá lulẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ọ̀nà tí a là fún ọkọ̀ láti gbé e jáde ni àgbẹ̀ yóò sì gbà wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó gẹdú tútù lọ sí òkè òkun láti 1976, ṣùgbọ́n àwa tí a wà nílé tó láti jẹ igbó tán. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn ilé alájà: ẹgbẹẹgbẹ̀rún pákó ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì péré kí wọ́n tó fi dáná.

Ìyá Olóúnjẹ Ìta-Olókan | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:15 ọ̀sán

Mo ń kà á láti àárọ̀, àyà mi sì ń já, nítorí mo mọ̀ pé ẹ máa tó dé ọ̀dọ̀ àwa tí à ń dáná. Gáàsì ni mo fi ń se oúnjẹ tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó rẹ̀ gòkè kọjá ohun tí abọ́ ìrẹsì mi lè gbé, mo padà sórí èédú. Òkè-Ògùn ni àpò èédú tí mo ń rà ti ń wá. Tẹ́lẹ̀, igi àyín ni wọ́n fi ń ṣe é, ó wúwo lọ́wọ́, ẹyọ márùn-ún sí mẹ́fà sì lè gbé ìkòkò ẹ̀wà dé ìparí. Ní báyìí ó fúyẹ́, ó ń ta pàrà nínú iná, èyí tó kù nísàlẹ̀ àpò sì jẹ́ ẹ̀rúpẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbé e wá sọ fún mi pé igi tí à ń rí òrí lára rẹ̀ ni wọ́n ń gé báyìí, nítorí àyín ti wọ́n. Ìyá mi ta òrí jẹun. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀nà mìíràn.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4:00 ọ̀sán

Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ ti fi ẹnu ara yín ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi ìwé gbọọrọ ṣàlàyé: owó gáàsì tí wọ́n dá sí Àbújá tàbí sí ọjà àgbáyé ló ń pinnu igi tí yóò wó ní Ìgbòho. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo igi òrí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú lórí ohun tí ẹ ó fi se ẹ̀wà.

Ọmọ Àgbẹ̀ Ṣáṣá | Ọjọ́ Rú, aago 8:30 alẹ́

Inú igbó ọba Ṣáṣá, èyí tí ìjọba fi pamọ́ láti ayé àwọn òyìnbó, ni wọ́n bí mi sí, Òṣogbo ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ìwé ìròyìn máa ń sọ pé wọ́n já wọ igbó ọba láìgbàṣẹ.

Nígbà tí àwọn òbí mi dé ibẹ̀, àdéhùn wọn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ igbó ni pé kí wọ́n gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín ọmọ igi tíìkì, kí wọ́n sì máa bá ìjọba roko ìdí tíìkì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí igi bá ti ga tó sì bo ilẹ̀, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ẹ fojú inú wo àdéhùn yẹn. Ọjọ́ tí igi bá dàgbà ni ọjọ́ tí ebi bẹ̀rẹ̀. Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí mo rí bàbá mi tó bu omi gbígbóná sí ìdí ọmọ tíìkì mẹ́ta, tó sì fi ewé bo ojú ilẹ̀ náà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá mi, kì í pa adìẹ níṣojú ọmọdé. Àdéhùn náà ló sọ igi di ọ̀tá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbin kòkó. Kò tọ́ lójú òfin, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ohun tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ ni pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, ilé tí a kọ́ àti ohun tí a gbìn ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún. Igbó tí a dá sí kò ní owó kankan lórí. Bí ẹ bá ní éékà mẹ́wàá igbó tí èmi sì ní éékà mẹ́wàá kòkó, èmi ni onílẹ̀ lójú òfin, ẹ̀yin ni ẹni tí kò tíì lo ilẹ̀. Nígbà tí owó kòkó gbéra ní 2024 tó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, àwọn ènìyàn tí n kò rí rí gbé ọ̀kadà wọ igbó náà pẹ̀lú irúgbìn nínú àpò.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ igbó. Fọ́rẹ́sì gáàdì yóò dá ìyá mi dúró nítorí ìdì igi ìdáná, yóò tú u wò, yóò gba àdá rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan náà, ọkọ̀ mẹ́ta tó kún fún gẹdú yóò kọjá. Ìdáàbòbò tí a mọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a dá igbó sí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: ta ni wọ́n fẹ́ lé jáde?

Òròkí ní Kàlàbá | Ọjọ́ Rú, aago 9:45 alẹ́

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ọmọ Àgbẹ̀ Ṣáṣá, mo sì fẹ́ fi ohun tí mo rí níbí tì í lẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ Cross River ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹgàn tó kù ní Nàìjíríà wà. Ìlú kékeré méjì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ekuri, Ekuri Àtijọ́ àti Ekuri Tuntun, tí wọ́n jọ ni igbó kan tó lé ní 30,000 hẹ́kítà. Àwọn ará ìlú fúnra wọn jókòó, wọ́n wọn igbó, wọ́n pinnu ibi tí igi yóò ti jáde àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ṣe ọ̀nà àti ẹ̀kọ́ ọmọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún wọn ní ẹ̀bùn Equator ní 2004.

Ní 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gé igi mọ́ rárá, nítorí pé ìrètí wà pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó yóò máa sanwó fún bí igbó ṣe ń mú èéfín kúrò lójú ọ̀run. Ohun tó dára ni lójú ìwé. Ṣùgbọ́n Ekuri tó ń gé díẹ̀ lọ́nà tó tọ́ dáwọ́ dúró, owó wọn gbẹ. Àwọn olè kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó tún yá, wọ́n fẹ́ la ọ̀nà márosẹ̀ ńlá kan gba àárín igbó náà, ìkéde ìjọba sì fi ìwọ̀n kìlómítà mẹ́wàá ní apá ọ̀tún àti mẹ́wàá ní apá òsì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Àwọn ará Ekuri pariwo títí ayé fi gbọ́, ìjọba sì dín in kù. Nígbà tí onílẹ̀ wà nílé tó sì ní ohùn, igbó ní agbẹjọ́rò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun | Ọjọ́ Bọ̀, aago 7:20 alẹ́

Ó yà mí lẹ́nu pé a ti sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ní Òṣogbo láì dárúkọ Igbó Ọ̀ṣun.

Gbogbo wa la mọ ìtàn bí a ṣe dé ibi yìí. Olútìmẹ́hìn ọdẹ àti Lárọ́òyè ń wá ibi tí omi wà, wọ́n gé igi kan létí odò, igi náà ṣubú sínú omi, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ odò pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Igi tí wọ́n gé láìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ ìlú wa. Àdéhùn tó tẹ̀ lé e ni pé kí ènìyàn kúrò létí odò lọ sókè, kí igbó náà sì wà fún Ọ̀ṣun: a kò ní dáko níbẹ̀, a kò ní ṣọdẹ, a kò ní pẹja rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé èèwọ̀ nìkan ló pa á mọ́. Ní àwọn ọdún 1950, èèwọ̀ ti ń rọ̀, àwọn àwòrò ń dínkù, àwọn olè ń kó ère tà fún àwọn tó ń ra ohun àtijọ́, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó ìjọba sì gba apá kan nínú igbó náà fún ìdánwò ọ̀gbìn. Wọ́n gé igi ibẹ̀, wọ́n gbin tíìkì. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú Igbó Ọ̀ṣun. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger tó wá láti Austria, pẹ̀lú àwọn ọmọ Òṣogbo bíi Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kásálí Àkàngbé, ló tún ojúbọ ṣe, tí wọ́n sì fi ère àti ògiri sàmì sí ilẹ̀ náà débi pé ojú ti ẹni tó bá fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́lé. Ìjọba sọ apá kan di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé 75 hẹ́kítà ní 1992, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ó gba ènìyàn tó ń rìn ín lójoojúmọ́, ó gba òfin, ó sì gba owó.

Síbẹ̀, odò tó gba àárín rẹ̀ kọjá ti pọ́n bí omi amọ̀, nítorí àwọn tó ń fọ góòlù lókè lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo dúró lórí afárá lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò rí ẹsẹ̀ òpó afárá nínú omi mọ́. Ògiri kò lè dá omi dúró.

Ọmọ Àgbẹ̀ Ṣáṣá | Ọjọ́ Bọ̀, aago 8:05 alẹ́

Mo bọ̀wọ̀ fún Igbó Ọ̀ṣun, ìyá mi a máa lọ síbi ọdún lóṣù Ògún. Ṣùgbọ́n 75 hẹ́kítà ni, láàárín ìlú tí àlejò ń náwó sí. A kò lè fi Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun lọ́jọ́ ọdún, ṣọ́ gbogbo Ṣáṣá. Àgbẹ̀ tí kò ní ọdún ńlá, tí kò ní arìnrìn-àjò, kí ni yóò jẹ lára igbó tó bá dá sí?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì | Ọjọ́ Bọ̀, aago 9:30 alẹ́

Ìbéèrè yẹn gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe dáhùn.

Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ní 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn àwùjọ tó jọ ń lo igbó, omi àti pápá láì bà á jẹ́. Ohun tó rí kò jìnnà sí ohun tí Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ: ààlà tó hàn, òfin tí àwọn tó ń lò ó fúnra wọn ṣe, aṣọ́nà tó ń jíhìn fún wọn, àti ìyà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Níbi tí ìjọba bá ti gba ẹ̀tọ́ ṣíṣe òfin lọ́wọ́ wọn tí kò sì rán aṣọ́nà gidi, igbó di ti gbogbo ayé, ẹni tó bá yá ló ń kó o.

Ní Brazil, àwọn tó ń kọ rọ́bà lára igi ní Acre máa ń kó ìdílé wọn lọ dúró níwájú ayùn àwọn oní-màlúù. Aṣáájú wọn, Chico Mendes, ni wọ́n yìnbọn pa ní 22 Oṣù Kejìlá 1988. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba gbà láti ya igbó sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń jẹ lára rẹ̀ láì gé e. Marina Silva tó bá a jà dàgbà di mínísítà àyíká. Ní 2004, igbó tó wó ní Amazon ti Brazil lọ́dún kan lé ní 27,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ní 2012, kò pé 5,000. Wọ́n fi sátẹ́láìtì wo igbó lójoojúmọ́, wọ́n ní kí báńkì má yá ẹni tó bá ń pa igbó lówó, wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn oníṣòwò sóyà sì gbà ní 2006 pé àwọn kò ní ra sóyà tó ti ilẹ̀ igbó tuntun wá. Nígbà tí ìjọba mìíràn tú okùn náà, igbó tó wó tún padà kọjá 13,000 kìlómítà ní 2021. Àwọn àgbẹ̀ kan náà ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìwọ̀n ìmọ̀ wọn kò sì yí padà. Ohun tó ń yí padà ni owó àti òfin. Ẹ fi èyí dá ẹni orí rédíò lóhùn.

Ní Costa Rica, láti òfin 1996, ìjọba ń yọ nínú owó orí epo bẹntiróòlù láti sanwó fún onílẹ̀ tó bá dá igbó sí. Owó ẹran màlúù tó jábọ́ náà ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí a fi bò. Igbó ti bo ju ìdajì ilẹ̀ wọn lọ báyìí.

A kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà Ìbòkun, mo mọ̀. Nítorí náà, Káfíńtà wa, ohun tí mo lè fi lé yín lọ́wọ́ nìyí. Igi etí odò ló ń di bèbè mú, ẹ má tà á. Kòkó tó darúgbó, ẹ tún un gbìn sábẹ́ afàrà àti arère tó wà, kí wọ́n máa ṣíji bò ó. Bí ẹ bá pa igbó yẹn tí ẹ fi kòkó rọ́pò rẹ̀, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2023 kò fẹ́ kòkó tó bá ti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 wá. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìmúṣẹ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n òfin náà wà.

Káfíńtà Òkè-Baálẹ̀ | Ọjọ́ Ẹtì, aago 5:40 àárọ̀

Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi yóò sọ pé kí a ta ìrókò méjèèjì, kí a sì gbin mẹ́rin dípò wọn. Kí ni kí n sọ?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ẹtì, aago 6:15 àárọ̀

Ẹ sọ fún wọn pé ìrókò kì í gba àgbìn bí tíìkì. Kòkòrò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Phytolyma, ó máa ń sọ ewé àti ọ̀mùnú ìrókò kékeré di kókó-kókó títí yóò fi kú, pàápàá níbi tí wọ́n bá gbìn ín pọ̀ lójú kan nínú oòrùn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi sá tẹ̀ lé tíìkì àti mẹlínà. Èyí tó bá sì yè, ó lè ju 50 ọdún lọ kó tó tó igi pákó. Kò sí ẹni tí yóò wà ní ìpàdé yín tí yóò fojú rí i.

Káfíńtà Òkè-Baálẹ̀ | Ọjọ́ Àìkú, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Èmi àti àbúrò mi ti lọ fi tépù wọn ìdí igi náà láàárọ̀ àná kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣírò pákó tó wà nínú ìrókò kan ṣoṣo níwájú ẹbí, mo sì sọ iye tí mo ń ra pákó bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Owó tí oníṣòwò náà fẹ́ fún wa lórí igi mẹ́tàlá kò tó ti ìrókò méjì. Ilé dákẹ́. Ọ̀rọ̀ igbó kò tíì jáde lẹ́nu mi nígbà yẹn.

A pinnu pé a ó ta arère méjì tó wà lókè, nítòsí oko kòkó, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tó bá gbà á ní ìwọ̀n, owó rẹ̀ yóò sì lọ sí ilé-ìwé ọmọ náà. Ti ìtọ́jú àbúrò wa, a dá a jọ. Ìrókò àti gbogbo etí odò yóò wà, a sì kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn àgbà sì tẹ̀ka sí i. Ẹ̀gbọ́n wa kan ṣoṣo ni kò tẹ̀ka sí i. Ó ní kí a pín ilẹ̀ náà kí òun mọ tòun, ẹ̀bẹ̀ wa kò sì tíì wọ̀ ọ́ létí.

Oníṣòwò náà ní òun kò ra igi méjì, ó sì lọ. Láàárọ̀ òní, wọ́n pè mí láti abà pé òun ló wà lódìkejì odò, lórí ilẹ̀ ìdílé tí a jọ pààlà, ó ń yí okùn ká ìdí igi wọn. Mo ti ní kí àbúrò mi gbé tépù náà, kó sáré lọ bá baálé wọn kí ó tó gba owó.